Ilé Ìmọ̀ Àjòjì àti Ilé Ìmọ̀ Tiwa

Ìtàn ni a gbé wá síwájú yín lónìí: ìtàn ilé tí àwọn àjòjì kọ́ sáàárín wa láti fi ìmọ̀ tọrẹ, bí ilé náà ṣe pa iṣẹ́ rẹ̀ dà, àti ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún àwa ará Fìdítì, Ìlọràá àti gbogbo ìlú Afijió.

Ní 1934 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá British Council sílẹ̀, kí ayé lè mọ èdè àti àṣà wọn. Ní 1943, nígbà tí ogun Hitler ṣì ń jà, ó dé Nàìjíríà. Nígbà tí ó yá, ó ní ilé ìkàwé ní Dùgbẹ̀, ní Ìbàdàn. Nígbà tí àwa wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ Ifá, àwọn ẹgbẹ́ wa tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama a máa wọ ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn lọ síbẹ̀. Wọn a yá ìwé, wọn a kà á, wọn a dá a padà. Púpọ̀ nínú wọn ti di olùkọ́ àti àgbà òṣìṣẹ́ lónìí. A kò ní sọ̀rọ̀ àìmoore: ilé náà ṣe wá lóore.

Fìdítì pàápàá ní ìpín nínú irú ìtàn yìí. Láti 1958 sí 1960, Christopher Okigbo, akéwì ọmọ Ìgbò, ṣe olùkọ́ ní Fiditi Grammar School. Ní 1961, ó wà lára àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn, pẹ̀lú Wole Soyinka, Chinua Achebe àti Ulli Beier ará Jámánì. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní Òṣogbo, àwọn ènìyàn sì yí orúkọ náà sí Mbárí-Mbáyọ̀. Ṣùgbọ́n Congress for Cultural Freedom tí ó wà ní Paris ni ó fi owó ran ti Ìbàdàn lọ́wọ́. Ní 1967, ó hàn gbangba pé owó àwọn amí ìjọba Amẹ́ríkà wà nínú àpò ẹgbẹ́ náà. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, Okigbo sì bá a lọ. Mbari ti Ìbàdàn kò pẹ́ lẹ́yìn náà.

British Council ní tirẹ̀ kò kú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó pa dà. Ilé ìkàwé Ìbàdàn kógbá sílé. Ohun tí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n mọ́ jù lónìí ni IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń san owó gọbọi fún kí wọ́n tó lọ sí òkè òkun. Ìwé kíkà ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí àrùn Kòrónà ba ọ̀nà owó jẹ́, ìròyìn kàn ní 2021 pé yóò ti ọ́fíìsì ní orílẹ̀-èdè 20. Goethe-Institut ti Jámánì, tí ó ti ní ilé ní Èkó láti 1962, náà kéde ní 2023 pé òun yóò ti ilé mẹ́sàn-án káàkiri ayé. A kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ó ni ilé ni ó ni kọ́kọ́rọ́.

Ṣùgbọ́n kí ni ti ilé tiwa? Ní 1975, UNESCO tẹ àkójọ ẹsẹ Ifá tí Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́, ṣe jáde. Ní 2005, àjọ náà kan náà kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo ẹ̀dá ènìyàn. Ìwé lè wà ní Paris. Ẹnu àwọn babaláwo ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti wá. Nígbà tí àwa ń kọ́ṣẹ́, ọmọ awo mẹ́fà ni a jọ ń gbé lọ́dọ̀ Olúwo wa. A ń bá a roko, a ń gbálẹ̀, a sì ń ké Ifá kí ilẹ̀ tó mọ́. Lónìí, ilé náà ṣì dúró, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan nínú rẹ̀ tí ó ń kọ́ Ifá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Kúbà, Bùràsíìlì àti Amẹ́ríkà ń wá ẹsẹ Ifá bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ilé bá ṣófo, kí ni a óò kó? British Council kéde kí ó tó ti ilẹ̀kùn. Àgbà awo kì í kéde kí ó tó lọ.

Nítorí náà, a mú ìmọ̀ràn kan wá. Kí ẹgbẹ́ wa ya yàrá kan sọ́tọ̀ ní Fìdítì, kí ó ya òmíràn sọ́tọ̀ ní Ìlọràá, kí a máa ṣí wọn ní gbogbo ọjọ́ Ifá. Kí ọmọ máa kọ́ ẹsẹ níbẹ̀ lẹ́nu àgbà, kí a sì máa gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Owó tí a bá dá láàárín ara wa ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Bí àlejò bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, a óò dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí tirẹ̀ jẹ́ èènì, kí ó má jẹ́ ọjà gan-an. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà, ọwọ́ wa ni kí ó wà.