Ọdún tí Ìpẹtà Bo Ewé Àgbàdo

Èmi tí ẹ mọ̀ sí ẹni tó máa ń pariwo owó ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lórí group náà ni. Ẹ fọkàn balẹ̀, n kò béèrè owó lónìí. Ìtàn àgbàdo ni mo gbé wá.

Àgbàdo tí a ń fi ṣe ọ̀gì, ẹ̀kọ àti àádùn yìí kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, lẹ́yìn tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í tọ òkun kọjá. Lọ́hùn-ún, àrùn kan wà tó ń bá a gbé, ìyẹn ìpẹtà àgbàdo, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Puccinia polysora. Ìbátan èébu ara búrẹ́dì ni. Àgbàdo wá, àrùn náà kò bá a wá. Nǹkan bí 400 ọdún ni àgbàdo tiwa fi wà láìfojú kan ọ̀tá yìí. Ẹni tí kò jà rí, kò lè mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀ṣẹ́.

Ní 1949, wọ́n rí i ní Sàró. Láàárín ọdún méjì, ó ti gba Gold Coast, Tógò àti Dàhòmì kọjá, ó sì ti wọ Nàìjíríà. Nígbà tó fi máa di 1952, ó ti dé Kẹ́ńyà. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. Ewé á yọ àmì pupa rúsúrúsú bí ìpẹtà ara àdá; tí o bá fọwọ́ kàn án, á lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ewé á gbẹ kí ọmọ àgbàdo tó gbó. Níbòmíràn, bí ìdajì ìkórè ló lọ. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé àgbàdo tútù ló ń gba ilé là kí iṣu tuntun tó jáde.

Ìjọba wá gbé ilé ìwádìí kalẹ̀ fún àrùn yìí nìkan ní Moor Plantation, Ìbàdàn. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ R. H. Cammack wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ó wádìí bí àrùn náà ṣe lè wọ Áfíríkà, àti bó ṣe ń ràn láti orí ibì kan ṣoṣo ká gbogbo oko. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àgbàdo tó lágídí wá láti Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀, wọ́n ń fi í gba tiwa.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé: kí irúgbìn ilé ìwádìí tó kárí, ìpẹtà ti ń rọlẹ̀ lóko. Kí ló fà á? Àgbàdo tó kú kò ní irúgbìn. Èyí tó yè ni àwọn àgbẹ̀ mú, òun ni wọ́n tún gbìn lọ́dún kejì, lọ́dún kẹta. Díẹ̀díẹ̀, àgbàdo wa kọ́ ìjà. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé kọ, òun náà wà nídìí iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì yẹn.

Ìyá àgbà mi sọ fún mi pé nílé àwọn, òkè àjà ìdáná ni àgbàdo irúgbìn máa ń so sí, kí èéfín lè máa fín in. Ebi ì báà pa ilé, ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹ́. Mélòó nínú wa ló ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ìjà ààlà àwa àti àwọn ará Ifọ́n ti lé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kúrò lóko. Ẹni tó sá fi ilé sílẹ̀, irúgbìn ni kì í rántí gbé. Bẹ́ẹ̀ ìpẹtà ọjọ́sí kò bèèrè ibi tí ilẹ̀ Olóbùú parí sí tàbí ibi tí ti Olúfọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá ba oko wọn jẹ́ yóò dé tiwa, èyí tó bá sì yè lóko wọn lè gba tiwa là.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹni tó bá ní oko àgbàdo ìbílẹ̀ sàmì sí èyí tí ewé rẹ̀ mọ́ jù kó tó kórè, kó yà á sọ́tọ̀ fún irúgbìn. Ti haiburidi kọ́ o, ìyẹn kì í ṣe àgbìntúngbìn. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè ọdún ìpẹtà, kí ẹ gbohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Àwọn tó rí i kò pọ̀ mọ́.

Ire o. Ìlobùú á dára, Ifọ́n náà á dára.