Pápá Jíjó ní Òkè-Ògùn

Ní Òkè-Ògùn, láti Ìṣẹ́yìn títí dé Ṣakí, níbi tí ẹruwà ti ń ga ju ènìyàn lọ, iná tí ń jó pápá lẹ́ẹ̀rùn ní àsìkò láyé àwọn baba ńlá wa, ó sì ní olúwa.

Bẹẹrẹ, koríko tí a fi ń bo ilé, ni ó ń ṣíwájú iná; nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú un gbẹ, àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin a gé e, wọn a dì í, wọn a rù ú lọ sí Ọ̀yọ́ fún ọdún Bẹẹrẹ, èyí tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá pé òun ni ó ń ṣílẹ̀kùn pápá jíjó; nítorí ẹni tí ó bá kánjú ṣáná, òrùlé ọba ni ó fẹ́ sun. Ìgbà náà ni ọdẹ tó bọ́ síta: àwọn kan a ti ọ̀nà afẹ́fẹ́ ṣáná, àwọn ìyókù a lúgọ pẹ̀lú kùmọ̀ àti ajá níbi tí èéfín dorí kọ, ọ̀yà a tú jáde, àwòdì a sì máa rà bàbà lókè, tí ń ṣọ́ tata tí iná lé.

Láti mọ ohun tí àsìkò iná ń ṣe sí pápá, ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń tọ́jú igbó pín ilẹ̀ sí mẹ́ta ní Olókemejì, lẹ́bàá odò Ògùn: wọ́n ń sun ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun èkejì ní oṣù Máàṣì tí ohun gbogbo ti gbẹ, wọn kò sì jẹ́ kí iná dé ìkẹta. Nígbà tí yóò fi tó ọgbọ̀n ọdún, ìkẹta ti di igbó kìjikìji, èkejì ti di pápá tí igi rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n igi àti koríko jọ ń gbé nínú ti àkọ́kọ́.

Lónìí, páànù ti gba ipò bẹẹrẹ, àṣẹ iná sì ti bọ́: ọdẹ ń sun tirẹ̀, darandaran ń sun kí koríko tútù lè rú fún màlúù, àgbẹ̀ ń sun oko, asunèédú ń fi iná sílẹ̀ sígbó, olúkúlùkù lọ́jọ́ tí ó wù ú. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2017 sọ pé láàrin 1998 sí 2015, ilẹ̀ tí iná ń jó lágbàáyé fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù, nítorí oko tí ń gé pápá sí wẹ́wẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ka iná Òkè-Ògùn, kí ó ka oṣù mọ́ ọn, nítorí ọmọ igi ẹmi tí iná Dìsẹ́ńbà dá sí, iná Máàṣì kì í dá a sí. Kí ọba, ọdẹ, àgbẹ̀ àti darandaran jókòó dá ọjọ́ pápá jíjó kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.