Ìrù Ọ̀nì Tí Mo So Padà

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi kan ní Kùmásì gbé ọ̀nì kékeré kan lé mi lọ́wọ́. Idẹ ni, kò gùn ju àtàǹpàkò mi lọ, ṣóńṣó ìrù rẹ̀ sì ti gé. Ẹyẹ kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tí òjé lẹ̀ mọ́ lábẹ́ ikùn. Mo tẹ́ aṣọ àǹkárá sórí tábìlì, mo fi fóònù ya àwọn méjèèjì.

Nígbà tí mo délé, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo yọ àǹkárá kúrò lẹ́yìn wọn, mo fi dúdú rọ́pò rẹ̀. Mo pọ́n àwọ̀ idẹ náà títí ó fi ń dán bíi wúrà. Mo so ìrù ọ̀nì padà, mo nu òjé ara ẹyẹ kúrò, mo wá fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ibì kan tí àwọn olùyọ̀ǹda ti ń kó ìmọ̀ jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò pé ọjọ́ méjì tí wọ́n dá a padà. Wọ́n ní: báwo ló ṣe tóbi tó? Gíráàmù mélòó ni? Kí ló dé tí ìrù rẹ̀ kò jọ ara rẹ̀?

Inú bí mi. Mo rò pé ẹni tí kò níṣẹ́ ló ń fi rúlà wọn ọ̀nì.

Ṣùgbọ́n ọ̀nì náà kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Òṣùwọ̀n ni, abrammuo ni àwọn Akan ń pè é. Nígbà tí àwa ń ná owó ẹyọ, eruku wúrà, ìyẹn sika futuro, ni wọ́n ń ná lọ́dọ̀ tiwọn, ní ilẹ̀ tó di Gánà àti Côte d'Ivoire lónìí. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mélòó kan tí wọ́n fi ná an, títí di ìparí ọ̀rúndún 19. Oníṣòwò ní ìwọ̀n tirẹ̀, ṣíbí tirẹ̀ àti òṣùwọ̀n tirẹ̀ nínú àpò, nítorí ta ni yóò fi òṣùwọ̀n ẹni tí ó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ gba owó? Ètò ìwọ̀n náà fi ibi tí ọjà ti dé hàn: mithqal àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí láti òkè aṣálẹ̀ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn Pọtogí tí wọ́n gúnlẹ̀ sí etíkun náà ní 1471.

Ìda ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Wọ́n á fi amọ̀ bò ó, iná á yọ́ ìda dànù, idẹ gbígbóná á sì gba ipò rẹ̀. Nígbà mìíràn wọn kì í lo ìda rárá. Wọ́n lè fi amọ̀ bo ẹ̀pà tàbí kòkòrò gidi, kí iná jó o ráúráú, kí idẹ wá dúró síbi tó wà. (Ẹ̀pà idẹ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ẹ lè ka ìlà tó wà lára èèpo rẹ̀.) Àmọ́ ohun tí a dà bẹ́ẹ̀ kì í sábà pé géérégé lórí ìwọ̀n. Bí ó bá wúwo jù, wọ́n á gé ẹsẹ̀ tàbí ìrù rẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá fúyẹ́ jù, wọ́n á fi òjé kún un.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tí mo ṣe. Mo fi eku kọ̀ǹpútà sọ òṣùwọ̀n pípé di èké.

Kì í ṣe èmi nìkan ni mo jẹ̀bi. Nígbà tí eruku wúrà kò jẹ́ owó mọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣùwọ̀n náà, wọ́n sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn agbówólé nǹkan àtijọ́ àti àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun. Rattray ya orí kan sọ́tọ̀ fún wọn nínú ìwé rẹ̀ Ashanti ní 1923. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìwé aláwòrán ńlá dé, tí ère tí kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ ń kún ojú ìwé kan bí ẹni pé ó ga bí ènìyàn.

Ní 1997 ni àjọ Getty gbé ìlànà Object ID jáde, kí ọlọ́pàá, aṣọ́bodè àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lè dá ohun tí wọ́n jí mọ̀. Ó ní kí a ya ohun náà, kí a ya àmì, àbùkù àti àtúnṣe ara rẹ̀ ní ìtòsí, kí a sì fi ohun tí ìwọ̀n rẹ̀ ṣe kedere sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Àbùkù ni ilà ojú ọ̀nì mi. Ọ̀nì idẹ pọ̀, èyí tí wọ́n gé ìrù rẹ̀ níbi pàtó yẹn kò pọ̀. Bí wọ́n bá jí i gbé lọ́la, fọ́tò dídán tí mo ṣe kò lè bá ọ̀rẹ́ mi gbà á padà.

Síbẹ̀ mo ṣì ń bá wọn jiyàn lórí nǹkan kan. Wọn kò fẹ́ àtẹ́lẹwọ́ nínú fọ́tò, torí pé ọwọ́ kò dọ́gba. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n rúlà kò lè sọ fún yín pé inú ọwọ́ ni nǹkan yìí ń gbé.

Mo padà sí Kùmásì lọ́dún tó kọjá. A yá ìwọ̀n lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà kan, mo tẹ́ bébà funfun, mo gbé rúlà síbẹ̀, mo ya ọ̀nì náà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta àti ibi tí wọ́n ti gé ìrù rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan àwọ̀ rẹ̀. Mo fi ti àtẹ́lẹwọ́ kún un ní ìkarùn-ún. Wọ́n gba mẹ́rin, wọ́n dá ìkarùn-ún padà.

Ọ̀rẹ́ mi wò wọ́n, ó ní ti àkọ́kọ́ rẹwà ju èyí lọ.