Igi Páìnì àti Orúkọ Tí Kì Í Ṣe Tirẹ̀

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí àwọn ènìyàn bá sì rí ohun àjèjì, ohun tí ó wà nílé wọn ni wọ́n fi ń pè é. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí èso kan láti Amẹ́ríkà, ó jọ èso igi páìnì lójú wọn, wọ́n sì fi orúkọ páìnì sọ ọ́. Àwa Yorùbá rí èso yìí kan náà, a pè é ní ọ̀pẹ òyìnbó. Kò bá páìnì tan, kò sì bá ọ̀pẹ tan.

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Igi gíga kan wà tí ewé rẹ̀ rí bí irun, tí í máa ń súfèé bí afẹ́fẹ́ ọ̀sà bá ń fẹ́. Páìnì ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Ṣé páìnì ni lóòótọ́? Rárá o. Kasuarínà ni, ọmọ ilẹ̀ Australia àti Éṣíà. Ohun tí a pè ní ewé rẹ̀, ẹ̀ka tín-ín-rín olóríkèé ni, ó sì ń tanná. Páìnì gan-an kì í tanná. Ìhòòhò ni irúgbìn rẹ̀ wà láàárín ìpẹ́ èso líle.

Ṣé páìnì ní ìbátan tí a mọ̀? Ó ní. Kedari Lẹ́bánónì wà nínú ẹbí rẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi orúkọ igi náà sílẹ̀ bí ó ti wà, nítorí kò hù nílẹ̀ wa. Ní Nàìjíríà, orí òkè Mambilla ni ìbátan rẹ̀ jíjìnnà kan, podokápọ́ọ̀sì, ti ń hù fúnra rẹ̀.

Kí ni èyí kàn wá? Ìwé ni. Fọ́nrán páìnì gùn, òun ni kì í jẹ́ kí ìwé tètè ya. Iléeṣẹ́ ìwé Jẹ́bà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1969, ti Oku Iboku ní 1986. Ti Ìwopin sì wà létí ọ̀sà, ní ìlà-oòrùn Ẹ̀pẹ́. Igi mẹ́línà ni a gbìn sí igbó Ọmọ̀ fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n fọ́nrán rẹ̀ kúrú. Òkè òkun ni a ti ń fi owó ilẹ̀ òkèèrè ra èyí tí ó gùn. Nígbà tí náírà wálẹ̀ láti 1986, ẹrù náà wúwo, ìrètí tí a ní lórí Ìwopin kò sì ṣẹ.

A kúkú gbìyànjú láti gbin páìnì fúnra wa, ní Afaka lẹ́bàá Kàdúná àti níbòmíràn lókè ọya. Àwọn tí a kọ́kọ́ gbìn kò ṣe dáadáa, títí a fi bu erùpẹ̀ tí olú alábàágbé gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú rẹ̀ sí ìdí wọn. Àwọn àgbà kò purọ́: igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹni tí yóò bá gba àjèjì sílé, kí ó béèrè orúkọ rẹ̀, kí ó sì béèrè ẹni tí ń bá a gbé.