Ilẹ̀ Tó Mú Wọn Forí Gbárí

Sọ́fíyọ̀ ni mí. Bí ẹjọ́ ilé bá délẹ̀ ní Port Harcourt, àwọn èèyàn á ti máa sọ pé Ígbò àti Ikwerre tún ti forí gbárí, tàbí Ikwerre àti Okrika. Èmi kì í béèrè ẹ̀yà. Ìwé ilẹ̀ ni mo máa ń ní kí wọ́n gbé wá, nítorí pé ìwé ló bí ìjà ìlú yìí, ọdún tí wọ́n sì kọ èyí àkọ́kọ́ kò fara sin.

Ọdún 1913 ni. Wọ́n ti rí èédú ní agbègbè Údì láti 1909, Lugard, gómìnà tí Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe olórí, sì ń wá ibi tí ọkọ̀ ojú irin yóò ti já a fún ọkọ̀ òkun. Omi Bonny jìn tó. Etí omi tí wọ́n yàn kì í ṣe aṣálẹ̀: oko àwọn Ikwerre ti Rebisi, tí ìjọba ń pè ní Diobu, wà níbẹ̀, àwọn Okrika sì ń pẹja níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ni wọ́n gbé àdéhùn Hargrove síwájú àwọn olóyè pé kí wọ́n tẹ̀ka sí i. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ka tán, ìjọba ní ilẹ̀ ti di ti òun. Oṣù kẹjọ ni Lugard kọ̀wé sí Lewis Harcourt, mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, pé kó jẹ́ kí òun fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú. Harcourt gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba Lugard nawọ́ gán ilẹ̀ Àpápá l'Ékòó. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń gbé Port Harcourt mọ ìtàn méjèèjì pọ̀. Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, kò gbà. Ìjọba ní agbára olóyè lórí ilẹ̀ nìkan ni òun máa sanwó fún, pé ilẹ̀ gan-an kì í ṣe tirẹ̀. Kóòtù Èkó gbè sẹ́yìn ìjọba. Ní 1920, Olúwa wọkọ̀ ojú omi lọ sí London, òun àti Herbert Macaulay, ẹni tó mú ọ̀pá Ẹlẹ́kọ, ọba Èkó, dání. Nígbà tó di 1921, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso dá Olúwa láre: ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí àti ìlú, olóyè ló ń bá wọn ṣọ́ ọ, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ pé.

Àwọn Rebisi kò ní Macaulay. Èkó ti ní lọ́yà tirẹ̀, ó ti ní ìwé ìròyìn, ó sì ní àwọn tó mọ ẹnu ọ̀nà London. Lọ́dọ̀ Rebisi, àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì síwájú wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa bá ìjọba dé kóòtù láàárín àwọn ọdún 1950, ìwé 1913 yẹn náà ni wọ́n fi dá ìjọba láre. Inú mi kì í dùn bí mo bá ń ro èyí.

Ìlú ti kún nígbà náà. Reluwé ti dé Enugu láti 1916. Ìjọba gé ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì, ó ń fi wọ́n háyà fún ẹni tó bá lè kọ́lé. Àwọn ará Sierra Leone wá, Yorùbá wá ṣe akọ̀wé àti oníṣòwò, ṣùgbọ́n Ígbò ló pọ̀ jù, àwọn ló sì kọ́lé jù. Òógùn wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ̀tọ́ wọn lórí ilé kò ní àríyànjiyàn lójú mi. Àmọ́ bí onílẹ̀ ṣe ń kọjá lójú pópó tó ń wo ilé alájà lórí oko bàbá rẹ̀, ta ni yóò bínú sí? Gómìnà tó gba ilẹ̀ ti lọ sílé. Ẹni tó ń gba owó ilé ló rí.

Wọ́n dá ìpínlẹ̀ Rivers sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1967. Nígbà ogun Bìáfrà, ní oṣù karùn-ún 1968, ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tí Benjamin Adekunle, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń darí gba Port Harcourt. Àwọn Ígbò ti sá. Ní 1969, ìjọba ìpínlẹ̀ ṣòfin lórí ilé wọn, ó pè é ní “abandoned property”, bẹ́ẹ̀ ni ará ìlú sì ń pè é títí dòní. Ẹni tí ogun lé jáde kò pa ilé rẹ̀ tì, mo sì máa ń sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni.

L'Ékòó, ọ̀pọ̀ Ígbò padà bá ilé wọn lẹ́yìn ogun, àwọn mìíràn sì bá owó ilé tí wọ́n ti gbà dè wọ́n. Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti fi èyí yangàn, ó sì tọ́ kí a yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kí a rántí Olúwa pẹ̀lú. Ará Èkó tó ń ṣọ́ ilé Ígbò kò ní ọgbẹ́ 1913 lọ́kàn; wọ́n ti sanwó Àpápá.

Ní 1979, kí àwọn ológun tó gbé ìjọba sílẹ̀, wọ́n ṣe òfin mìíràn, Decree 90, láti fi ẹsẹ̀ títà àwọn ilé tí ìjọba ti tà múlẹ̀. Wọ́n fún àwọn onílé ìṣáájú ní owó díẹ̀. Ọmọ ìpínlẹ̀ Rivers ni wọ́n ta ilé fún, láti ibi gbogbo ní ìpínlẹ̀ náà. Ẹni tó rà á kò ní láti jẹ́ ọmọ Rebisi, torí náà ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Rebisi kò torí ìyẹn padà sí Rebisi.