Mólékù Ńlá àti Àkójọ Mólékù

Kẹ́mísírì mólékù ńlá ni ẹ̀ka ìmọ̀ tí ó ń yẹ àwọn mólékù tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún átọ̀mù para pọ̀ di ẹyọ kan wò, nígbà tí kẹ́mísírì àkójọ mólékù ń wo bí àwọn mólékù tí kálukú wọn dá dúró ṣe ń fa ara wọn mọ́ra láìdi ẹyọ kan. Ìdè ni ó pààlà sí àárín méjèèjì. Nínú mólékù ńlá, átọ̀mù a máa jùmọ̀ ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìdè bẹ́ẹ̀ sì le, nítorí pé agbára tí yóò já ìdè kábọ̀nù mọ́ kábọ̀nù tó nǹkan bí kílójúùlù 350 fún móòlù kan. Ìdè háídrójìn, tí ó gbajúmọ̀ nínú àkójọ mólékù, kì í sábà ju kílójúùlù 5 sí 30 lọ.

Sítáàṣì fi ìdè méjèèjì hàn. Ẹ̀wọ̀n glúkósì ni sítáàṣì, òwú náà sì jẹ́ ẹ̀wọ̀n glúkósì, àmọ́ ọ̀nà tí glúkósì gbà kan ara wọn nínú méjèèjì yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí ikùn ènìyàn fi ń da àmàlà tí kò sì lè da òwú. Nígbà tí a bá da omi híhó sí ògì, hóró sítáàṣì a mu omi, a wú, ìdè háídrójìn tí ó di àwọn ẹ̀wọ̀n náà mọ́ra a sì tú. Bí ó bá ti ń tutù, àwọn ẹ̀wọ̀n a tún so mọ́ra, wọn a há omi mọ́ àárín, ẹ̀kọ a sì dì nínú ewé. Ìdè tí kò lágbára ni ó tú tí ó sì tún so. Ẹ̀wọ̀n glúkósì kò já.

Títí di ọdún 1920, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ní Yúróòpù gbà pé rọ́bà kò ju mólékù kéékèèké tí ó rọ̀ mọ́ra lọ. Hermann Staudinger, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, takò wọ́n: ó fi háídrójìn kún rọ́bà láti mú ohun tí wọ́n rò pé ó ń so mólékù náà pọ̀ kúrò, síbẹ̀ rọ́bà náà kò fọ́ sí wẹ́wẹ́. Wọn kò tètè gbà fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 1953.

Ní ti àkójọ mólékù, ní ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ni Charles Pedersen ti rí àwọn kírísítálì funfun díẹ̀ nínú ìdọ̀tí ohun mìíràn tí ó ń pò, kò sì dà wọ́n nù. Mólékù onírìísí òrùka ni wọ́n, ihò àárín wọn sì ń gba áyọ́nù potásíọ̀mù sínú rẹ́gí. Ó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1967. Òun, Donald Cram àti Jean-Marie Lehn, ẹni tí ó fún kẹ́mísírì àkójọ mólékù lórúkọ ní 1978, sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti 1987.

Staudinger jàre lórí rọ́bà inú igi, àmọ́ èrò àwọn alátakò rẹ̀ kò ṣòfò pátápátá. Ní 2008, Ludwik Leibler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris fi mólékù kéékèèké tí wọ́n mú láti inú òróró ewéko ṣe rọ́bà tí ìdè háídrójìn nìkan so pọ̀. Bí wọ́n bá gé e sí méjì tí wọ́n sì fi ojú méjèèjì kanra, yóò tún lẹ̀ pọ̀ láìlo àtè tàbí iná.