Gbèdéke Eré Ọkọ̀ Lójú Ọ̀nà Márosẹ̀: Ṣé Ká Fi Sílẹ̀, Ká Fi Kún Un, àbí Ká Fà Á Tu?

Bí ọjọ́ ìlú wa bá ti ń súnmọ́, ohun méjì ló máa ń gba ẹnu wa kan: aṣọ ẹgbẹ́, àti ọ̀nà tá a máa gbà délé.

Lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí, àríyànjiyàn ń lọ láàárín wa. Àwọn kan ní níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti tún ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣe, kò sídìí tí wọ́n á fi máa dá èèyàn dúró pé ó sáré kọjá 100 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Àwọn kan ní kí wọ́n sọ ọ́ di 120 tàbí 140. Àwọn tó kù ní rárá o, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, torí náà dípò kí n máa jiyàn lórí WhatsApp, mo ní kí n lọ wo ohun tójú àwọn tó ti gbé e wò rí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun rárá. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti fa gbèdéke yìí tu rí, àwọn kan ti fi kún un, àwọn kan sì ti dín in kù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ pé ibẹ̀ la ti jogún púpọ̀ nínú òfin wa. Ní 1865, kí mọ́tò alépo tó dé rárá, wọ́n ṣe òfin fún àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́: máìlì mẹ́rin láàárín wákàtí kan lójú ọ̀nà oko, máìlì méjì péré láàárín ìlú, kí ẹnì kan sì máa fẹsẹ̀ rìn níwájú ọkọ̀ náà pẹ̀lú àsíá pupa. Ẹ wò ó ná, ìyá àgbà tó ru igbá bọ̀ láti ọjà á ti délé kí ọkọ̀ yẹn tó kọjá ojúde! Nígbà tí mọ́tò dé, wọ́n fi kún un ní 1896, wọ́n sì sọ ọ́ di 20 máìlì ní 1903.

Nígbà tó fi máa di 1930, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń pa 20 yẹn mọ́. Àwọn aṣòfin wá rò ó pé òfin tí gbogbo ayé ń rú, kí ló kù tó fẹ́ ṣe? Wọ́n fà á tu pátápátá fún ọkọ̀ kékeré. Ṣé ẹ rí i pé ohun táwọn kan nínú wa ń sọ lónìí gan-an nìyẹn? Ní 1934, èèyàn 7,343 ló kú sínú ìjàm̀bá ọkọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọkọ̀ ibẹ̀ ò tíì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti òní. Ní oṣù kẹta 1935, lábẹ́ mínísítà ìrìnnà wọn, Leslie Hore-Belisha, wọ́n dá gbèdéke padà sáàárín ìlú: 30 máìlì, ìyẹn nǹkan bíi 48 kìlómítà. Ọ̀nà tó gba àárín igbó kọjá ṣì wà láìní gbèdéke. Kódà nígbà tí wọ́n ṣí M1, ọ̀nà márosẹ̀ wọn tó lókìkí, ní 1959, bó o bá lágbára kó o sá 200, kò sófin tó dá ọ dúró. Ní oṣù kejìlá 1965 ni wọ́n fi 70 máìlì (nǹkan bíi 112 kìlómítà) dán an wò fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tó di 1967, wọ́n sọ ọ́ di òfin títí ayé. Òun náà ló wà níbẹ̀ dòní.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Epo ló kó wọn débẹ̀. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá ti ẹnu kànga epo ní 1973, Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin kan ní oṣù kìíní 1974 pé kí ẹnikẹ́ni má sáré ju 55 máìlì lọ, nǹkan bíi 88 kìlómítà, kí epo má baà tán. Ohun tí wọn ò wá ni wọ́n rí. Ní 1973, èèyàn 54,052 ló kú lójú ọ̀nà wọn. Ní 1974, ó já wá sí 45,196. A ò ní parọ́ o: epo tó wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn dín ìrìn àjò kù, nítorí náà gbèdéke nìkan kọ́ ló ṣe gbogbo rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí epo ti pọ̀, tí wọ́n gba 65 láàyè lójú ọ̀nà márosẹ̀ ìgbèríko ní 1987, tí wọ́n sì fa òfin náà tu ní 1995 kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ṣe tirẹ̀, iye ẹ̀mí tó ń lọ lọ́nà wọ̀nyẹn tún ga. Àwọn olùṣèwádìí ní Insurance Institute for Highway Safety ṣe ìṣirò pé láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àfikún gbèdéke ti gba ẹ̀mí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 37,000.

Ìpínlẹ̀ Montana tiẹ̀ lọ jìnnà ju gbogbo wọn lọ. Lẹ́yìn 1995, wọn ò kọ iye kankan sójú pátákó fún ọkọ̀ kékeré lójú mọmọ. Wọ́n kàn ní kí kálukú sá eré tó bọ́gbọ́n mu. Ta ló máa sọ èyí tó bọ́gbọ́n mu? Ọlọ́pàá ní tirẹ̀, dẹrẹ́bà ní tirẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1998, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ níbẹ̀ fagi lé òfin náà, wọ́n ní kò yé èèyàn tó láti fi jẹni níyà. Ní 1999 wọ́n kọ 75 máìlì sójú pátákó.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, "Kóòdínétọ̀, Jámánì ńkọ́?" Òótọ́ ni, Jámánì ni gbogbo onífẹ̀ẹ́ eré máa ń tọ́ka sí. Ìwọ̀ Oòrùn Jámánì fa gbogbo gbèdéke wọn tu ní 1952. Àmọ́ wọ́n dá 50 kìlómítà padà sáàárín ìlú ní 1957, wọ́n sì fi 100 sí ọ̀nà ìgbèríko ní 1972. Autobahn nìkan ló kù, òun náà ní ìmọ̀ràn pé 130 ló dáa, àwọn apá ibì kan sì wà níbẹ̀ tó ní gbèdéke. Tírélà ò gbọdọ̀ kọjá 80. Kò sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ sọdá Autobahn, kò sí kẹ̀kẹ́, kò sẹ́ni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi wé tiwa, níbi tí ọ̀kadà ti ń kọjú ìjà sí ọkọ̀, tí tírélà tó bàjẹ́ ń sùn sójú ọ̀nà láìtaná, tí ọmọ iléèwé sì ń fo irin àárín ọ̀nà. Tá a bá fẹ́ mú eré Jámánì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀nà Jámánì.

Ó wá ku tilé. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà. Ní oṣù kẹjọ 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó jẹ́ nǹkan bíi 127 kìlómítà. Ọ̀nà fẹ̀, ọkọ̀ pọ̀, eré àsápajúdé dé. Kódà kí ọ̀nà yẹn tó ṣí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, ti ń pariwo lórí ikú ojú ọ̀nà. Wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1977. Ẹ̀ṣọ́ yẹn kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1983. Ní oṣù kejì 1988, ìjọba Babangida dá ti àpapọ̀ sílẹ̀, ìyẹn FRSC tá à ń pè ní Road Safety, Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé pé ilẹ̀ wa níbí ni nǹkan yìí ti hù.

Gbèdéke tó wà nínú òfin lónìí rèé. Lójú márosẹ̀: 100 kìlómítà fún ọkọ̀ kékeré, 90 fún bọ́ọ̀sì àti takisí, 60 fún táńkà àti tírélà. Láàárín ìlú: 50, àfi táńkà àti tírélà tó jẹ́ 45.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò díẹ̀. Tó o bá sá 100 lórí 127 kìlómítà yẹn láìdúró, wàá lo ìṣẹ́jú 76. Tó o bá sá 140, wàá lo nǹkan bíi 54. Èrè rẹ ni ìṣẹ́jú 22. Àmọ́ agbára tí ọkọ̀ fi ń kọlu nǹkan kì í pọ̀ sí i bí eré ṣe ń pọ̀ sí i. Ó máa ń yára jù ú lọ. Ní 140, agbára yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti 100. Ìwé òfin ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì náà sọ pé ọkọ̀ tó wà lórí 80 kìlómítà nílò mítà 53 kó tó dúró pátápátá. Tó bá wà lórí 112, ó nílò mítà 96. Ìyẹn lójú ọ̀nà gbígbẹ, pẹ̀lú bíréèkì tó dáa. Táyà tókunbọ̀ wa ńkọ́? Ìṣẹ́jú 22 yẹn, a lè jẹ ẹ́ tán nídìí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín.

Èrò tèmi ni pé ká fi 100 sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọjọ́ tí ọ̀nà bá ní ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ bá wà níbi tí èèyàn ń sọdá, tí tírélà ní páàkì, ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ̀rọ̀ àfikún. Àwọn tó ń ráhùn pé ọkọ̀ kékeré ni wọ́n máa ń dá dúró nígbà tí táńkà ń sá 90 kọjá, ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo. Àmọ́ oògùn ìyẹn ni kí òfin mú gbogbo èèyàn bákan náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbìyànjú kí wọ́n fa òfin tu nítorí pé àwọn èèyàn ń rú u, a sì ti rí ibi tó já sí.

Ohun tó wà níkàáwọ́ àwa fúnra wa ni bọ́ọ̀sì tí ẹgbẹ́ máa gbà fún ọjọ́ ìlú. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun mẹ́rin. Kí ọkọ̀ tá a bá gbà ní ẹ̀rọ tó ń dá eré dúró, tí FRSC ti ní kí ọkọ̀ akérò máa lò. Kí a kọ 90 sínú ìwé àdéhùn. Kí ọkọ̀ gbéra ní agogo mẹ́fà àárọ̀, kó má baà di pé à ń lé àkókò. Ẹ̀kẹrin, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe sọ fún dẹrẹ́bà pé "gbé e!" tàbí kó ṣèlérí owó fún un pé kó tètè dé. Owó kékeré yẹn ti sọ ọ̀pọ̀ àríyá di ọ̀fọ̀.

Àwọn bàbá wa máa ń gbàdúrà pé ká má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àmín ni mo ṣe. Ṣùgbọ́n bí ebi bá tiẹ̀ ń pa ọ̀nà, ẹ má jẹ́ ká sáré lọ gbé ara wa fún un jẹ. Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kó jọ̀ọ́ kọ̀wé sí wa kí ìgbìmọ̀ ìrìn àjò tó jókòó. Ká pàdé nílé láyọ̀ o.